Wolé-wolé Tí Onílé Ń Fi Ọkọ̀ Gbé Wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ nínú àwọn tó ń ka ojú ewé yìí, ẹ ò ní í gbàgbé wolé-wolé. Ẹ̀yin ọmọ àná, ẹ bi àwọn òbí yín, wọ́n á ròyìn ẹ̀ fún yín. Ìyá tó bí ìyá mi máa ń sọ fún wa pé nígbà tiwọn, bí ẹnì kan bá ṣèèṣì kígbe pé "wolé-wolé ń bọ̀ o," àdúgbò á dàrú ni. Ẹni tó ń jẹun á gbé àwo sílẹ̀, á sáré lọ fọ ìkòkò omi. Ẹni tó ń sùn á dìde, á gbá ẹ̀yìnkùlé. Kí ló fà á? Wolé-wolé kì í ránṣẹ́ ṣíwájú. Kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ ló máa gùn wá, kákí á wà lọ́rùn ẹ̀, á sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣí ìdérí ìkòkò, á bẹjú wo inú ẹ̀. Bó bá rí tanwíjí níbẹ̀, ó parí, onílé ti rí kóòtù nìyẹn. Kò bi onílé pé ṣé tanwíjí wà tàbí kò sí. Ojú ara ẹ̀ ló fi wò ó.

N ò sọ pé màláíkà ni gbogbo wọn o. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé adìyẹ ni wọ́n fi ń dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba adìyẹ gan-an, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi dé ibẹ̀. Onílé ò lọ fi ọkọ̀ gbé e wá látilé.

Ohun tó mú mi rántí wolé-wolé ni nǹkan méjì tí ojú mi rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan ní Ṣómólú, ìkejì ní Bàrígà.

Ẹ mọ̀ pé Ṣómólú ni ìlú ìtẹ̀wé. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, kálẹ́ńdà, rìsíìtì, pósítà àwọn olóṣèlú, ohun tó bá ti jẹ mọ́ pépà, ibẹ̀ la ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní pólì, mò ń dúró kí wọ́n bá mi gé iṣẹ́ kan, ni ọkùnrin kan bá wọlé. Búùtù líle ló wọ̀, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń wọ̀. Ó ní òun fẹ́ tẹ àádọ́ta ìwé tí àwọn fi ń ṣe àyẹ̀wò ààbò níbi iṣẹ́ àwọn. Ó yọ àpẹẹrẹ ẹ̀ jáde. Ìlà-ìlà ni wọ́n tò ó: ẹ̀rọ panápaná, aago tó máa ń ké bí gáàsì bá ń jò, ọkọ̀ tí wọ́n máa fi sá bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ilẹ̀kùn àbájáde. Ojú àpótí kékeré kan wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó bá yẹ nǹkan náà wò máa fi bírò máàkì pé ó dáa.

Bàbá ní, "Kò burú, a máa ṣe é." Ni ọkùnrin náà bá ní, "Bàbá, ẹ kúkú bá wa tẹ máàkì yẹn mọ́ ọn. Orí omi la wà, àwọn ọmọ ò ráyè àtimáa máàkì lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá wò mí, mo wo bàbá. Wọ́n ní, "Ọ̀gá mi, èyí ò ní í ṣeé ṣe lọ́dọ̀ mi." Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ bínú. Ó ká pépà ẹ̀, ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó jáde. Ẹ mọ Ṣómólú náà: bí o bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan, mẹ́wàá mìíràn ló ń wò ọ́ lójú. Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti rí i tẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa lọ sí Bàrígà, mo gba Ìlàjẹ Road lọ títí mo fi dé etí ọ̀sà. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí: ilé pákó lórí omi, ọkọ̀ tó ń kó yanrìn, èéfín ẹja, afárá Third Mainland tó nà gbọọrọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn, èèyàn Awóyè ni wọ́n, níjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Òǹdó. Mo kí wọn, mo ní ẹja òkun tiwọn dà, irú èyí tí wọ́n máa ń tà fún mi tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, inú fíríísà ni èyí tó ò ń wò yìí ti wá. Láti ìgbà iná yẹn, àwọn èèyàn wa nílé ò rí ẹja pa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Mà, iná wo?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò. Wọ́n ní, "Iná orí omi. Ìwọ tó o jẹ́ oníròyìn, o ò gbọ́?"

Ìtìjú mú mi, kí n má parọ́. Torí mo gbọ́ nípa ẹ̀ o. Mo gbọ́, mo sì gbàgbé, bí gbogbo wa ṣe gbàgbé.

Iná tí ìyá yẹn ń sọ, Ororo-1 ni wọ́n ń pè é. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa nílé mọ òróró tí a fi ń dín dòdò, ṣùgbọ́n Ororo yìí, pápá epo rọ̀bì ni, lábẹ́ omi tí kò jìn púpọ̀ létíkun Awóyè, nínú ilẹ̀ epo tí ìjọba fún ní nọ́ńbà OML 95. Chevron ló kọ́kọ́ rí epo níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá ń pín àwọn pápá epo kéékèèké fún àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ Guarantee Petroleum àti Owena Oil and Gas ni wọ́n gbé e fún. Owena yìí, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó ni.

Lọ́jọ́ 15, oṣù karùn-ún, ọdún 2020, lọ́dún Kòrónà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí kànga náà ni agbára abẹ́ ilẹ̀ bá borí ohun tí wọ́n fi dí i. Ó bú jáde, iná sọ lójú omi. Iná náà ò kú lọ́sẹ̀ kan. Kò kú lóṣù kan. Kò kú lọ́dún kan. Ní 2024, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin gbáko, àwọn tó ń jà fún àyíká, bíi Nnimmo Bassey, ṣì ń ké gbàjarè pé ó ń jó. Nílé wa níbí, bí ilé bá jó fún wákàtí méjì, a ó bú panápaná dé ìdí. Iná ọdún mẹ́rin ńkọ́? Ta la fẹ́ bú?

Ẹ tún gbọ́ èyí tó ká mi lára jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020 yẹn kan náà, DPR, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí epo nígbà náà, ti gba ìwé àṣẹ pápá epo kéékèèké 11 padà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fún. Ororo wà nínú mọ́kànlá náà. Oṣù kẹrin ni wọ́n kọ lẹ́tà. Oṣù karùn-ún ni iná sọ. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bí lánlọ́ọ̀dù bá sọ fún ayálégbé pé òun ti gba ilé òun, ṣé kò ní í wọlé lọ wò ó bóyá sítóòfù ṣì ń jó níbẹ̀?

Ẹnì kan lè ní, "Ìwọ oníròyìn yìí, iṣẹ́ epo le, kò yé ẹ." Òótọ́ ni, ó le. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yé mi. Epo àti gáàsì tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ dà bí ohun mímu inú ìgò tí èèyàn ti mì dáadáa tó sì fi àtàǹpàkò dí lẹ́nu. Àpáta ló jókòó lé e lórí. Bí a bá ti lu ihò kàn án, gbogbo agbára tó wà nísàlẹ̀ ló fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Omi amọ̀ tó wúwo ni wọ́n ń dà sínú ihò náà láti fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n á tún gbé irin ńlá kan ka ẹnu kànga, irin tó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi ti ọ̀nì. Bí nǹkan bá fẹ́ bú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ irin yẹn á pa dé, á dí i pinpin. Bó bá ṣiṣẹ́, èèyàn á sùn. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n nílò ẹ̀, kò sí ibi sísá, torí omi ni ọwọ́ ọ̀tún, omi ni ọwọ́ òsì.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í, kí wọ́n dán an wò lójú ẹ̀. Bó bá jẹ́ pépà tí wọ́n ti máàkì ló kà nínú ọ́fíìsì, Ṣómólú ló yẹ̀ wò, kò yẹ ríìgì wò.

Ta ni ẹni yẹn? Ìjọba ni. Òfin ààbò lórí iṣẹ́ epo ti wà nílẹ̀ yìí láti ọdún 1963, a ò ní í sọ pé kò sí òfin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a fi wolé-wolé epo sí látọjọ́ yẹn. Ní 1977 tí wọ́n dá NNPC sílẹ̀, inú NNPC yẹn náà ni wọ́n fi àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ epo wò sí. NNPC ló sì ń bá àwọn òyìnbó da owó pọ̀ wa epo. Ẹ ò rí i pé wolé-wolé ń gbé nínú yàrá onílé? Ó di 1988 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, tó di DPR lábẹ́ mínísítà epo. Nígbà tó di ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ, 2021, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin epo tuntun tí wọ́n ń pè ní PIA. DPR wọlẹ̀, méjì jáde níbẹ̀: NUPRC tó ń rí sí wíwa epo, àti NMDPRA tó ń rí sí gbígbé e kiri àti títà á. NOSDRA tún wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, tiẹ̀ ni epo tó bá dà sílẹ̀. NIMASA ń rí sí ọkọ̀ ojú omi. Orúkọ pọ̀ bí oríkì ọmọ ọba.

Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: kí lẹ fi ń débẹ̀?

Nígbà tí UNEP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àyíká, ṣèwádìí ilẹ̀ Ògóní, tí wọ́n gbé ìròyìn wọn jáde ní 2011, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí NOSDRA bá fẹ́ lọ yẹ ibì kan wò, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ epo ni wọ́n ń wò pátápátá fún ọkọ̀ àti ohun gbogbo tí wọ́n máa fi dé ibẹ̀. Ilẹ̀ àti odò kéékèèké ni Ògóní o. Ẹ wá fojú inú wo àárín òkun, níbi tí Maruwa ò lè dé. Hẹlikọ́pítà tàbí ọkọ̀ ojú omi ńlá nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé onílé ló ni hẹlikọ́pítà, onílé ló máa sọ ọjọ́ tí wolé-wolé máa wá, òun náà ló máa sọ wákàtí tó máa lọ.

Ọmọ àdúgbò wa kan ní Bàrígà ti ṣe wẹ́dà lórí ríìgì rí. N ò ní í dárúkọ ẹ̀, n ò sì ní í dárúkọ ibi tó ti ṣiṣẹ́, torí ọmọ náà ṣì fẹ́ jẹun. Mo bi í pé báwo ni ọjọ́ àyẹ̀wò ṣe máa ń rí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bùọ̀dá, bíi ọdún tuntun ni." Ó ní ọ̀sẹ̀ kan kí àlejò ìjọba tó dé ni ọ̀dà á ti wọlé, wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn máa kun irin tó ti dípẹtà. Tó bá di ọjọ́ náà, ìrẹsì á yàtọ̀, ẹran á tóbi. Àlejò á bá ọ̀gá rìn yíká, wọ́n á kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n á jẹun, ọkọ̀ á sì gbé wọn padà kí ojú ọjọ́ tó yí.

Mo ní, "Ṣé wọ́n bá ẹ̀yin òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Kọ́ńtíráàtì oṣù mẹ́ta ni mo ní. Bí mo bá lanu, ọkọ̀ tó gbé àlejò lọ ló máa gbé èmi náà lọ. Àlejò á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, èmi ò ní í padà wá mọ́."

Àwọn àgbà ní ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Bóyá òróró tí wọ́n fi dín dòdò yẹn gan-an ni wọ́n fi sọ pápá epo Awóyè lórúkọ, n ò mọ̀.

Ẹ má wá rò pé ìjọba wa ò lójú o. Ó lójú. Owó ni ojú náà ń wò. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ àwọn ilẹ̀ epo kan padà torí pé àwọn tó ni wọ́n jẹ ìjọba lówó. OML 108 wà lára wọn. Lórí ilẹ̀ epo yẹn, ní Ukpokiti, létíkun ìpínlẹ̀ Delta, ni ọkọ̀ ńlá kan dúró sí tí wọ́n ń pè ní Trinity Spirit. Ọdún 1976 ni wọ́n kan ọkọ̀ náà, òun ni wọ́n ń kó epo tí wọ́n bá wà sí. Wọ́n gba ìwé àṣẹ, wọn ò gbé ọkọ̀ kúrò. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, lọ́jọ́ 2, oṣù kejì, 2022, ọkọ̀ náà bú gbàmù, ó jóná. Èèyàn mẹ́wàá ló wà nínú ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mẹ́ta péré ni wọ́n rí gbà láàyè.

Ọkọ̀ tó ti lo ọdún 46! Ẹ lọ wo dáńfó tó bá ti lo ọdún 46 ní gáréèjì Bàrígà, bóyá ẹ ò ní í ké pe Jésù kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Gbèsè onílé hàn sí ìjọba látòkèèrè. Irin tó ti jẹrà lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn mẹ́wàá ò hàn sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Àwọn òyìnbó tí a ń wò náà ti fi orí gbá a rí, ibi tí wọ́n sì ti gbọ́n la fẹ́ wò. Lọ́jọ́ 6, oṣù keje, 1988, lórí òkun tó wà lápá ìlà oòrùn Scotland, wọ́n yọ fáàfù ààbò kan kúrò lára pọ́ǹpù kan lórí ríìgì Piper Alpha, wọ́n fẹ́ tún un ṣe. Ìrọ̀lẹ́ dé, wọn ò tíì ṣe é tán, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan dí ojú ẹ̀. Wọ́n kọ ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má tan pọ́ǹpù náà. Ìwé wà o! Ṣùgbọ́n ìwé náà ò dé ọwọ́ àwọn tó gba iṣẹ́ alẹ́. Pọ́ǹpù kejì kú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n tan èyí tí wọ́n ti yọ fáàfù ẹ̀. Gáàsì jò, iná sọ. Èèyàn 167 ló bá a lọ.

Ẹ gbọ́ èyí tó kàn wá nínú ẹ̀. Nínú oṣù kẹfà ọdún yẹn, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, òṣìṣẹ́ ìjọba wá yẹ Piper Alpha wò. Ó rìn yíká, ó lọ. Adájọ́ Cullen tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà sọ ọ́ nínú ìròyìn ẹ̀ ní 1990 pé àyẹ̀wò yẹn ò jinlẹ̀ débi tó fi lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ààbò wà níbẹ̀. Ó dá ìmọ̀ràn 106. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni pé kí wọ́n gba iṣẹ́ àyẹ̀wò kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ pé kí epo máa jáde, kí wọ́n gbé e fún àjọ tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀mí òṣìṣẹ́ nìkan. Wọ́n sì ṣe é. Wọ́n tún fún àwọn òṣìṣẹ́ orí ríìgì lágbára láti dìbò yan aṣojú tó máa sọ̀rọ̀ ààbò fún wọn.

Amẹ́ríkà ò fi ti wọn kọ́gbọ́n. Àjọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ MMS. Òun ló ń fúnni ní àyè láti wa epo lójú òkun, òun ló ń gba owó ìjọba lórí ẹ̀, òun náà ló ń ṣe wolé-wolé. Nígbà tó di ọjọ́ 20, oṣù kẹrin, 2010, ríìgì Deepwater Horizon bú, èèyàn 11 kú, epo sì ń tú sínú òkun fún oṣù mẹ́ta. Ká tó wí ká tó fọ̀, ìjọba Obama fọ́ MMS sí mẹ́ta. Ẹni tó ń gba owó, wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó ń ya ilẹ̀, wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó ń yẹ ríìgì wò, wọ́n yà á sọ́tọ̀.

Ọdún 2010 nìyẹn. Ní 2021 tí àwa ń kọ òfin tuntun tiwa, tí gbogbo ayé ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Britain àti Amẹ́ríkà, inú abà kan náà la tún kó ìwé àṣẹ, owó ìjọba lórí epo tí wọ́n ń wà, àti àyẹ̀wò ààbò ẹ̀ sí. Ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ onílé la ní kó ti ilé náà pa bí kò bá dára. Ṣé ẹ rò pé á yá a lára?

Ẹnì kan lè máa sọ pé, "Kí ló kàn mí níbẹ̀, Ṣómólú ni mo ń gbé." Ọ̀rẹ́ mi, ó kàn ẹ́. Ní oṣù karùn-ún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ wa epo jáde ní pápá Aje, lójú òkun Badagry, nípìnlẹ̀ Èkó tiwa yìí. Ọmọ Bàrígà, ọmọ Akoka, ọmọ Pedro ló ń lọ ṣe kúùkù, wẹ́dà àti lébìrà lórí omi. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ìbànújẹ́: kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ yín dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní káàdì ààbò orí omi lọ́dọ̀ ìjọba. Kó tó rí i gbà, ó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń sá àsálà lójú òkun, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ ara ẹ̀ wò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ bí ẹ̀jẹ̀ lébìrà ṣe ń sáré sí. Ṣé ẹ mọ bí agbára inú kànga tó fẹ́ lọ dúró lé lórí ṣe ń sáré sí?

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ fún wolé-wolé orí omi ní ọkọ̀ àti hẹlikọ́pítà tiẹ̀, látinú owó epo yẹn náà, kó lè lọ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò retí ẹ̀. Ẹ gba àyẹ̀wò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń ka owó. Bí wọ́n bá yẹ ríìgì wò tán, kí wọ́n gbé èsì ẹ̀ síta kí ìyàwó òṣìṣẹ́ àti apẹja Awóyè lè kà á, kódà kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá àti Ìjọ. Bí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan, kí wọ́n débẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn láti rí i pé gbogbo kànga ti dí, gbogbo èèyàn ti kúrò. Kí òfin sì dáàbò bo lébìrà oníkọ́ńtíráàtì tó bá sọ òótọ́ fún àlejò ìjọba, torí òun nìkan ló mọ irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà lánàá.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kò ní kí apẹja bá òun ṣọ́ ọ.

Kí n tó kúrò ní Bàrígà lọ́jọ́ náà, mo ra ẹja fíríísà yẹn lọ́wọ́ ìyá náà, owó tí wọ́n pè é ni mo san, n ò nájà. Wọ́n bá mi wé e. Wọ́n wá ní, "Oníròyìn, bó o bá kọ ọ́, ṣé wọ́n máa kà á?"

Mo ní, "Mà, wọ́n máa kà á."

Wọ́n ní, "N ò sọ ẹ̀yin ará ọjà. Àwọn tó ń lọ wò ó ni mò ń sọ."

N ò rí èsì fún wọn. Bóyá ẹ̀yin ará Abújà tẹ́ ẹ bá rí ìwé yìí lẹ máa bá mi fún wọn lésì. Kẹ́ ẹ tó fèsì, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣí ìdérí ìkòkò. Kẹ̀kẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ gùn lọ o.

Ó tó bẹ́ẹ̀ fún ti ọ̀sẹ̀ yìí. Bí Ẹlẹ́dàá bá dá wa sí, a ó tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.